Ìnsípẹ́kítọ̀ ń bọ̀ lọ́la: ta ni wọ́n wá wò, kí sì ni wọ́n wá wò?

Alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni ìyá tó ń gbé ní ọ̀kánkán ilé wa ní Adó-Èkìtì wá kan ìlẹ̀kùn mi. Màmá Déọlá ni mo máa pè é níbí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Déọlá kọ́ ni ọmọ náà ń jẹ́ gan-an. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, ó wà ní kíláàsì kẹrin ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ibà kan dá a dùbúlẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta, láti ìgbà náà ni etí òsì rẹ̀ kò ti gbọ́ràn mọ́. Wọ́n ti ránṣẹ́ láti ilé ìwé pé kí ọmọ náà sinmi nílé lọ́jọ́ kejì. Àwọn ìnsípẹ́kítọ̀ ń bọ̀.

"Bàbá Tolú, ẹ jọ̀ọ́, ṣé òótọ́ ni pé bí ìnsípẹ́kítọ̀ bá rí ọmọ tí etí rẹ̀ kò gbọ́, wọ́n á ní ká mú un lọ sí Ìkòrò?"

Ìkòrò-Èkìtì ló ń sọ, níbi tí ilé ìwé ìjọba fún àwọn adití wà. Ẹ̀rù ti bà á débi pé ó ti ń ro iye tí mọ́tò máa gbà lọ síbẹ̀. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, mo ní kó jẹ́ kí ọmọ lọ sí ilé ìwé rẹ̀ bó ṣe ń lọ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó lọ tán, mo rí i pé n kò lè ṣàlàyé ìdí rẹ̀ dáadáa fún un.

Nígbà tí a pàdé ní ìpàdé òbí àti olùkọ́, mo bi àwọn bàbá mẹ́ta léèrè ohun tí àwọn ìnsípẹ́kítọ̀ wá ṣe. Ẹni àkọ́kọ́ ní wọ́n wá mú tíṣà tí kò bá kọ lẹ́sìn-nóòtì ni. Ìkejì ní ìrẹsì àti adìyẹ ni wọ́n wá jẹ. Ìkẹta, tó ti ṣe alága wa rí, ní wọ́n wá wò ó bóyá ilé ìwé náà kájú ẹ láti ṣe WAEC. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mà ni o! Ibẹ̀ ni mo ti pinnu láti wádìí ọ̀rọ̀ yìí, kí n sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí a ní láti kọ́kọ́ tú

Nǹkan mẹ́ta ló wà nínú ọ̀rọ̀ Déọlá, a sì máa ń dà wọ́n pọ̀.

Èkíní ni ìdarí ilé ìwé. Iṣẹ́ ẹni tó ń pinnu bí nǹkan ṣe ń lọ nínú ọgbà ilé ìwé lójoojúmọ́ nìyẹn, ìbáà jẹ́ ẹ́ẹ̀dìmásítà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tàbí prínsípà ní girama. Èkejì ni àbẹ̀wò: ẹni tí kì í ṣiṣẹ́ níbẹ̀ wá láti ìta, ó wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó kọ ohun tó rí sílẹ̀, ó sì sọ ohun tó yẹ kó yí padà. Ẹ̀kẹta ni ẹ̀kọ́ tí kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé kí ilé ìwé ṣètò ara rẹ̀ kí gbogbo ọmọ àdúgbò lè kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, títí kan ọmọ tí kò ríran dáadáa, ọmọ tí kò gbọ́ràn, èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e, èyí tí ọ̀rọ̀ kì í tètè yé, àti èyí tí owó kò sí lọ́wọ́ bàbá rẹ̀.

Èkìtì ni wá, ẹ jẹ́ ká fi iyán ṣe é. Ẹni tó ń gún iyán ni ọ̀gá ilé ìwé. Ẹni tó bu òkèlè àkọ́kọ́ wò ni ìnsípẹ́kítọ̀. Ẹ̀kọ́ tí kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ ni iyán tí kò ní kókó. Ẹ ò sì ní rí ẹni tó bá kókó nínú iyán tó wá ń bá iṣu jà. Ẹni tó di ọmọ odó mú ni gbogbo wa máa ń wò.

Ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe fún Déọlá ni kí wọ́n yọ kókó kúrò kí àlejò tó bu òkèlè.

Ta ló ni ilé ìwé, ta ló sì ń wà á?

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ òbí ti ń sọnù, mi ò sì dá wọn lẹ́bi. Bí mọ́tò akérò ni ilé ìwé ìjọba rí: ẹni tó ni ín lọ́tọ̀, ẹni tó ń wà á lọ́tọ̀.

Ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni ín. Ilé iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́, tí kọmíṣọ́nnà wà nídìí rẹ̀, ló ń gbé ìlànà kalẹ̀. Ìgbìmọ̀ tí gbogbo ayé ń pè ní SUBEB ló ń bójú tó ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. TESCOM ló ń gba àwọn tíṣà girama síṣẹ́, tó sì ń pín wọn káàkiri. Ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ tún wà ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, mẹ́rìndínlógún ni ìjọba ìbílẹ̀ tó wà ní Èkìtì.

Ìjọba àpapọ̀ kò ni àwọn ilé ìwé yìí, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ wà níbẹ̀. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti 2004 sọ pé kí ó kéré tán ìdá 2 nínú 100 owó tó ń wọ àpò àjùmọ̀ní ìjọba àpapọ̀ máa lọ sí ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. Kí ìpínlẹ̀ tó gba èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà, ó ní láti kọ́kọ́ mú owó tirẹ̀ wá. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí UBEC, ìgbìmọ̀ ìjọba àpapọ̀ lórí ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, àti SUBEB lára ògiri kan náà bí orúkọ tọkọtaya lára káàdì ìgbéyàwó.

Òfin kan náà ló sọ pé ọdún mẹ́sàn-án ni ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀: mẹ́fà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mẹ́ta ní JSS. Nítorí náà, inú ọgbà girama kan náà, ọmọ JSS 3 wà lábẹ́ òfin yẹn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní SS 1 ní yàrá ẹ̀gbẹ́ wọn kò sí lábẹ́ rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ yìí kò bá tètè yé yín, ẹ má bínú. Ó gbà mí tó ọjọ́ méjì.

Kí ni agbára ọ̀gá ilé ìwé?

Ó kéré sí ohun tí a rò níbì kan, ó sì ju ohun tí a rò lọ níbòmíràn.

Ọ̀gá ilé ìwé ìjọba kò lè gba tíṣà síṣẹ́, kò lè lé tíṣà kúrò, òun kọ́ ló ń san owó oṣù. Bí tíṣà Ìṣirò bá fẹ̀yìn tì ní oṣù Kẹsàn-án, ohun tó lè ṣe ni kó kọ lẹ́tà, kó sì máa retí. Àwọn àgbà Èkìtì kì í fẹ́ gbọ́ èyí, nítorí ojú prínsípà ayé àtijọ́ ni wọ́n fi ń wo ti òní. Ẹ bi ẹni tó bá lọ sí Christ's School ní Adó, tí Archdeacon Dallimore dá sílẹ̀ ní 1933, kó sọ fún yín irú ènìyàn tí Canon Mason tó ṣe prínsípà níbẹ̀ jẹ́. Nígbà tí ilé ìwé wà lọ́wọ́ àwọn ìjọ, àṣẹ tó wà lọ́wọ́ prínsípà pọ̀. Ìjọba gba àwọn ilé ìwé náà ní àwọn ọdún 1970, púpọ̀ nínú àṣẹ yẹn sì lọ sí ọ́fíìsì tó jìnnà sí kíláàsì. Ìbẹ̀rù tí a ń bẹ̀rù prínsípà kù, agbára tó fà á ti lọ.

Síbẹ̀, ẹ wo ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ló ń ṣe taimutébù. Òun ló ń pinnu tíṣà tó máa kọ́ kíláàsì kan. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé tí mo mọ̀, tíṣà tó dára jù ni wọ́n ń fún ní kíláàsì kẹfà nítorí ìdánwò, wọ́n á wá fi kíláàsì kìn-ín-ní sílẹ̀ fún ẹni tó rẹ̀ jù. Lójú tèmi, òdì ni wọ́n ń ṣe é. Ọmọ tí kò bá mọ ìwé kà ní kíláàsì kìn-ín-ní àti ìkejì ni yóò di "ọmọ tí kò gbọ́n" ní kíláàsì kẹfà. Ìpinnu yẹn kò ná ìjọba ní kọ́bọ̀, ọ̀gá nìkan ló lè ṣe é.

Òun ló tún ń wo rẹ́jísítà, tó ń buwọ́ lu lẹ́sìn-nóòtì, tó ń wọ kíláàsì jókòó láti gbọ́ bí tíṣà ṣe ń kọ́ni. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni iṣẹ́ rẹ̀ gan-an, òun náà sì ni wọ́n máa ń pa tì jù. Ọ̀gá mìíràn lè fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko máa kún fọ́ọ̀mù.

Ìgbìmọ̀ alámòójútó ilé ìwé tún wà tó ń bá a ṣiṣẹ́, SBMC ni wọ́n ń pè é. Ó yàtọ̀ sí ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́. Òbí àti tíṣà nìkan ló wà nínú ẹgbẹ́ yẹn. Nínú SBMC, ẹ lè rí aṣojú ọba, ìyálọ́jà, akẹ́kọ̀ọ́ jáde, àní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà. Èkìtì wà lára ìpínlẹ̀ méje àkọ́kọ́ nínú ètò AGILE, tí Báǹkì Àgbáyé fi owó sí láti 2020 kí àwọn ọmọbìnrin lè parí girama. Nínú irú ètò báyìí, owó àtúnṣe máa ń wá sí ọwọ́ ilé ìwé fúnra rẹ̀, SBMC sì ni ó yẹ kó jókòó ti prínsípà nígbà tí wọ́n bá ń ná an. Bí ẹ kò bá mọ ẹnikẹ́ni nínú SBMC ilé ìwé ọmọ yín, ẹ béèrè.

Kí ni àwọn ìnsípẹ́kítọ̀ ń wá?

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ ká mọ̀ ni pé àbẹ̀wò kì í ṣe oríṣi kan.

Ó ní èyí tí wọ́n kàn ń yà wọlé, wákàtí kan tàbí méjì, wọ́n wo rẹ́jísítà, wọ́n lọ. Ó ní èyí tí wọ́n ń ṣe kí ilé ìwé girama tó lè fi ọmọ sílẹ̀ fún WAEC tàbí NECO. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń wo láàbù, ilé ìkàwé àti iye tíṣà tó wà fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Èyí ni alága wa àná ń rò. Ó ní èyí tí ẹ̀sùn ń fà. Ó sì ní èyí tó tóbi jù, àyẹ̀wò odidi ilé ìwé, tó máa ń gba ọjọ́ mélòó kan, tí ọ̀pọ̀ alábẹ̀wò máa ń wá pọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni èyí tí wọ́n fi ń padà wá wò bóyá wọ́n ti ṣe ohun tí wọ́n ní kí wọ́n ṣe.

Òfin ti wà lórí èyí tipẹ́, ó kéré tán láti 1985 tí ìjọba àpapọ̀ ti ṣòfin lórí ìwọ̀n tí ẹ̀kọ́ kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ jù. Ohun tó yí padà ni orúkọ àti ìwà. Wọn kì í fẹ́ kí á pè wọ́n ní ìnsípẹ́kítọ̀ mọ́, wọ́n ní àwọn jẹ́ olùṣọ́ ojúlówó ẹ̀kọ́. Nínú ètò tuntun yìí, ilé ìwé ló yẹ kó kọ́kọ́ yẹ ara rẹ̀ wò, kó kọ ibi tó ti dára àti ibi tó kù sí, kí àwọn alábẹ̀wò tó wá wò ó bóyá òótọ́ ló kọ.

Tí wọ́n bá dé, ohun tí wọ́n ń wò pọ̀ ju lẹ́sìn-nóòtì lọ: ohun tí àwọn ọmọ ti mọ̀, bí wọ́n ṣe ń kọ́ wọn, ìtọ́jú àti ààbò wọn, ohun tí wọ́n ń kọ́ wọn, bí ọgbà ṣe rí, àti bí ọ̀gá ṣe ń darí. Alábẹ̀wò tó mọ iṣẹ́ kì í pẹ́ ní ọ́fíìsì. Ẹ̀yìn kíláàsì ló ń jókòó sí. Á mú ìwé ọmọ kan, kò ní mú èyí tí tíṣà nà sí i. Á ṣí i sí oṣù méjì sẹ́yìn láti wò bóyá ẹnikẹ́ni ti máàkì rẹ̀. Á bi ọmọ náà pé, "Kí lẹ kọ́ lánàá?" Á ka orí àwọn tó jókòó, á sì fi wé iye tó wà nínú rẹ́jísítà.

Ẹ wo gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn dáadáa. Bí rẹ́jísítà bá sọ pé 41 ni wọ́n, tí 36 jókòó, alábẹ̀wò tó mọ iṣẹ́ á béèrè ibi tí àwọn márùn-ún yòókù wà.

Àwọn tó ní ẹbí ní Lọ́ńdọ̀nù máa ń gbọ́ orúkọ Ofsted. Àwọn ni wọ́n ń bẹ ilé ìwé wò ní Ẹ́ńgìlándì láti 1992. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń ṣe ìdájọ́ odidi ilé ìwé ìjọba, bí ẹni ń lu òǹtẹ̀ mọ́ àpò kòkó. Ní oṣù Kẹsàn-án 2024 ni wọ́n fòpin sí i, nítorí ọ̀rọ̀ kan kò lè sọ ibi tó dára àti ibi tó bàjẹ́ nínú ilé ìwé kan náà. Nítorí náà, tí ẹ̀gbọ́n yín bá bi yín láti òkè òkun pé "kí ni ilé ìwé yẹn gbà?", ẹ sọ fún un pé àwọn fúnra wọn ti fi ìbéèrè yẹn sílẹ̀.

Kí ló dé tí ẹ̀rù fi ń ba àwọn tíṣà?

Ìyá mi fi ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ṣe tíṣà. Tí ìnsípẹ́kítọ̀ bá ń bọ̀, a kì í sùn nílé wa. A máa ń bá a fi rúlà fa ìlà sínú ìwé títí di ọ̀gànjọ́. Ní ilé ìwé, àwọn ọmọ á gé koríko, wọ́n á pọn omi sínú ìkòkò tí kò rí omi láti oṣù mẹ́ta. Ìnsípẹ́kítọ̀ ayé ìgbà yẹn lè bú tíṣà níwájú àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹ̀rù yẹn kò tíì kúrò lára.

Ìtàn tiwa ní Èkìtì tún fi kún un. Ní 2012, ìjọba fẹ́ kí àwọn tíṣà jókòó ṣe ìdánwò, ó ní kí òun lè mọ ibi tí wọ́n ti nílò ìrànlọ́wọ́ ni. Àwọn tíṣà kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní ọgbọ́n láti dín àwọn kù ni. Ọ̀rọ̀ náà di òṣèlú, ó sì ṣì ń dun àwọn kan títí di òní. N kò fẹ́ dá ẹjọ́ yẹn níbí. Mo kàn fẹ́ ká mọ̀ pé ìdánwò tíṣà lọ́tọ̀, àbẹ̀wò ilé ìwé lọ́tọ̀. Ọ̀kan ń wo ènìyàn, èkejì ń wo odidi ilé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, tó bá rí okùn, kò ní dúró yẹ̀ ẹ́ wò.

Ṣé gbígba ọmọ wọlé ti tó?

Rárá, kò tó. Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà jù nìyí.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ ń se àsè, àlejò yín kan kì í jẹ ata. Ẹ lè se tirẹ̀ ní ilé mìíràn, kó jẹun níbẹ̀. Ẹ sì lè pè é wá síbi àsè, kí ẹ gbé ọbẹ̀ aláta ka iwájú rẹ̀, kí ẹ ní "ṣebí a pè ọ́." Tàbí kí ẹ bu tirẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó da ata sínú ìkòkò, kí gbogbo yín jọ jókòó jẹun.

Àkọ́kọ́ ni ilé ìwé ọ̀tọ̀. Èkìtì ní wọn: ti àwọn tí kò ríran ní Ìkẹ́rẹ́, ti àwọn adití ní Ìkòrò, ti àwọn ọmọ tí òye wọn kì í tètè gbà ní Ìdó. Mi ò bá wọn jà o. Ọmọ tí kò ríran rárá nílò ẹni tó mọ ìwé bíréèlì tí wọ́n ń fi ìka kà dáadáa, irú àwọn tíṣà tí kọ́lẹ́ẹ̀jì àkànṣe ti ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀yọ́ ń kọ́ láti 1977, irú wọn kò sì sí ní gbogbo abúlé. Ṣùgbọ́n ọmọ tí etí kan ṣì gbọ́, bíi Déọlá, kí ló fẹ́ lọ ṣe ní Ìkòrò?

Ìkejì ni ohun tí púpọ̀ nínú ilé ìwé wa ń ṣe. Wọ́n gba ọmọ wọlé, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀, wọ́n ní kó lọ jókòó. Ó ń jókòó lẹ́yìn, tíṣà ń kọjú sí bọ́ọ̀dù nígbà tó ń sọ̀rọ̀, ọmọ kò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tó bá di òpin sáà, wọ́n á ní olódo ni.

Ìkẹta ni ẹ̀kọ́ tí kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ní oṣù Kẹfà 1994, aṣojú ìjọba 92 pàdé ní ìlú Salamanca ní Sípéènì, wọ́n sì fẹnu kò pé ilé ìwé tó wà fún gbogbo ọmọ ló yẹ kó gba ọmọ tó ní ìpèníjà, kí ilé ìwé náà sì yí ara rẹ̀ padà nítorí ọmọ. Nàìjíríà ṣòfin tirẹ̀ lórí àwọn àkàndá ẹ̀dá ní oṣù Kìn-ín-ní 2019. Ohun tí òfin náà sọ lórí ilé ìwé kò ní àbùlà: gbogbo ilé ìwé ìjọba gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀ fún wọn, ó kéré tán ẹnì kan tó kọ́ iṣẹ́ bí a ṣe ń kọ́ wọn gbọ́dọ̀ wà ní ilé ìwé kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé girama. Ó tún ní kí bíréèlì àti èdè àmì wà lára ohun tí wọ́n ń kọ́ ní ilé ìwé.

Ẹnì kan ní ilé ìwé kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo ilé ìwé tó sún mọ́ yín, kí ẹ béèrè orúkọ ẹni náà. Ẹ máa rí bí òfin ṣe jìn sí kíláàsì tó.

Ọmọ wo ni ọ̀rọ̀ yìí kàn?

Ó kàn ju àkàndá ẹ̀dá lọ. Ọmọ tó nílò gíláàsì tí kò ní in, tó ń wo bọ́ọ̀dù bí ẹni ń wo inú ìkúùkù, ó kàn án. Ọmọbìnrin tó lóyún ní SS 1 tí wọ́n ní kó má padà wá, ó kàn án. Ọmọ àwọn Ìgbìrà tàbí Tífí tó ń bá àwọn òbí rẹ̀ ṣiṣẹ́ oko lẹ́yìn ìlú, tí kò gbọ́ Yorùbá tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó kàn án. Àní ọmọ wa tó wá láti abúlé, tó ń pe ilé ìwé ní ulé ùwé, tí àwọn ọmọ ìgboro ń fi ṣẹlẹ́yà títí tí kò fi nawọ́ mọ́ ní kíláàsì, òun náà wà nínú rẹ̀.

Ó sì kan ọmọ tí wọ́n lé wálé nítorí owó. Òfin 2004 yẹn ní ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. Ẹni tó bá gbowó lórí rẹ̀ lè san owó ìtanràn tó tó ₦10,000 tàbí kó lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́ta. Òbí tí kò bá jẹ́ kí ọmọ lọ náà kò bọ́ lọ́wọ́ ìjìyà. Ìbáwí ni nígbà àkọ́kọ́, lẹ́yìn rẹ̀ ó lè di owó ìtanràn ₦2,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan. Ní Èkìtì, nígbà tí ìjọba tuntun wọlé ní oṣù Kẹwàá 2018, ọ̀kan lára àwọn ìwé àkọ́kọ́ tí gómìnà buwọ́ lù ni àṣẹ tó fagi lé owó orí àti owó ilé ìwé tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ìjọba.

Kí ni ilé ìwé ń pàdánù tó bá fi ọmọ pamọ́?

Mo bi ọ̀gá ilé ìwé kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí a jọ ń jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìdí tí wọ́n fi ń ní kí ọmọ kan dúró sílé lọ́jọ́ àbẹ̀wò. Kò ṣe bí ẹni pé kò ṣẹlẹ̀ rí. Ó ní, "Ẹ̀rù ni. A rò pé ọmọ yẹn máa fà wá sẹ́yìn."

Òdì kejì ni òótọ́. Lọ́dọọdún ni ìjọba ń ka àwọn ọmọ ilé ìwé, fọ́ọ̀mù náà sì ní ibi tí wọ́n ti ń kọ iye ọmọ tó ní ìpèníjà. Bí ọ̀gá bá kọ òdo síbẹ̀ nítorí ìtìjú, lójú àwọn tó ń pín tíṣà àti ohun èlò, kò sí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ilé ìwé yẹn. Wọn kò ní fi tíṣà tó kọ́ṣẹ́ ránṣẹ́. Wọn kò ní rántí pé ó yẹ kí kíláàsì tuntun tí wọ́n fẹ́ kọ́ ní ibi tí kẹ̀kẹ́ arọ lè gbà gòkè. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ọ̀gá kan náà á ní ìjọba kò ràn án lọ́wọ́.

Alábẹ̀wò náà pàdánù. Tó bá wá wo bí ọ̀gá ṣe ń darí, ibo ló ti fẹ́ rí i? Ọmọ tí orí rẹ̀ pé, tí bàbá rẹ̀ ń sanwó lẹ́sìn nílé, yóò mọ̀wé lábẹ́ ọ̀gá tó mọ iṣẹ́ àti èyí tí kò mọ̀ ọ́n. Ara ọmọ bíi Déọlá nìkan ni iṣẹ́ ọ̀gá ti ń hàn. Ta ló mọ̀ pé etí rẹ̀ kò gbọ́? Ta ló sọ fún tíṣà tuntun? Níbo ni wọ́n fi í sí? Ẹni tó bá fi ọmọ yẹn pamọ́ ti fi ìdánwò tirẹ̀ pamọ́, ì báà jẹ́ pé yóò yege tàbí yóò kùnà.

Ọ̀dọ̀ ta ni kí òbí lọ?

Tíṣà kíláàsì ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá, kí ẹ sì sọ ohun tí ọmọ nílò, kì í ṣe àìsàn rẹ̀ nìkan. "Etí òsì rẹ̀ kò gbọ́" dára. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó jókòó síwájú, kí ẹ sì kọjú sí i tí ẹ bá ń sọ̀rọ̀" dára jù. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀gá ilé ìwé, lẹ́yìn rẹ̀ SBMC. Tí kò bá yanjú, ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ yín tàbí SUBEB ni fún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. TESCOM tàbí ilé iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ fún girama. Ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà kan, nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu kì í ní fáìlì.

Ẹ tún lè béèrè ohun tí àwọn alábẹ̀wò kọ sílẹ̀ nípa ilé ìwé ọmọ yín. Èkìtì ni ìpínlẹ̀ àkọ́kọ́ tó sọ òfin òmìnira ìròyìn, èyí tó fún ará ìlú ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìwé ìjọba, di tirẹ̀, ní 2011. Ẹni tó bá ní ìwé náà jẹ́ àṣírí, ẹ rán an létí.

Déọlá lọ sí ilé ìwé lọ́jọ́ kejì. Ìyá rẹ̀ wọ aṣọ fún un, ó mú un lọ fúnra rẹ̀, ó sì dúró lẹ́nu géètì fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àwọn ìnsípẹ́kítọ̀ dé ní agogo mẹ́wàá kọjá. Wọ́n wọ ọ́fíìsì, wọ́n wọ kíláàsì kẹfà, wọ́n wo ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Wọn kò dé kíláàsì kẹrin rárá.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Màmá Déọlá padà lọ bá tíṣà náà, ó sọ ohun tó fẹ́. Kò pẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún. Ọwọ́ òsì yàrá ni Déọlá ń jókòó báyìí, lórí bẹ́ǹṣì kejì, kí etí ọ̀tún rẹ̀ lè wà níhà ibi tí tíṣà máa ń dúró.